Ètò Ìyàwòrán Àtijọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Yan Ọ̀kan

Nígbà tí ojú Hal Lasko, ayàwòrán kan ní ìpínlẹ̀ Ohio lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í di bàìbàì lọ́jọ́ ogbó, Microsoft Paint inú Windows 95 ni ó fi ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọdún 1915 ni wọ́n bí i, ó ti fi iṣẹ́ ọnà ìtẹ̀wé jẹun kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì rí i pé Paint lè mú apá kékeré kan nínú àwòrán tóbi títí ẹyọ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì tóótòòtó kéékèèké tí wọ́n to àwòrán orí kọ̀ǹpútà pọ̀, yóò fi hàn sí ojú tí kò ríran dáadáa mọ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan báyìí ni ó ń tò pọ̀ di àwòrán, títí tí ó fi kú ní 2014.

Mo kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ó ní ìdí tó ṣe kedere fún ètò tí ó lò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ètò ìyàwòrán àtijọ́ lónìí, ìrántí ìgbà èwe ni ó ń darí wọn, èyí tí wọ́n bá sì kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nílé ẹ̀kọ́ tàbí ní káfẹ́ ni wọn yóò mú, láìbéèrè bóyá ó bá iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe mu. Àwọn ètò wọ̀nyí kò dọ́gba rárá. Ní èrò tèmi, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbà yín láàyè láti ṣe ni ó ń pinnu irú àwòrán tí yóò ti ibẹ̀ jáde, ju ohun tí ó lè ṣe lọ, nítorí náà ààlà rẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo fi wọ̀n wọ́n. Èkíní ni owó, tí mo sì ka iye ẹ̀rọ tí yóò gbé ètò náà, dátà tí yóò jẹ àti bátìrì tí yóò fà nígbà tí iná bá lọ mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò náà fúnra wọn. Èkejì ni ìfọkàntán: bí ọwọ́ bá ṣì, ìgbésẹ̀ mélòó ni a lè padà sẹ́yìn, ṣé fáìlì tí a sì fi pamọ́ yóò ṣeé ṣí lẹ́yìn ọdún púpọ̀? Ẹ̀kẹta ni ààlà tí mo ti sọ yẹn. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀nà tí àwòrán yóò gbà kúrò nínú ètò náà dé orí fóònù tàbí orí pépà. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn kì í béèrè, òun náà ni ó sì máa ń já wọn kulẹ̀ jù.

Kí a tó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ mọ̀ pé yàtọ̀ sí GrafX2, tí a ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níwájú, kò sí èyí tó ní ìpele, ìyẹn bí ìgbà tí a bá to pépà tó mọ́ gaara léra, tí a lè ya ojú sí ọ̀kan kí a sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ sí òmíràn. Nínú àwọn yòókù, ohun tí ẹ bá yà lé orí òmíràn ti pa ti ìsàlẹ̀ rẹ́ pátápátá. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò máa ń ṣe ni pé wọ́n ń fi ẹ̀dà tuntun pamọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohun tó léwu.

Microsoft Paint ti Windows XP àti ti Windows 7

Paint ti wà láti ìgbà Windows 1.0 ní 1985. Nígbà tí Windows 3.0 dé ní 1990, Paintbrush tí Microsoft gba àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ZSoft ni ó gba ipò rẹ̀, orúkọ Paint sì padà wá ní Windows 95. Láti ìgbà náà dé Windows XP, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Windows 7, tó jáde ní 2009, ni ó tún un ṣe, ó kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sí orí òkè, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì tó jọ ti ọ̀dà àti ti kíréyọ̀n kún un.

Bí a bá wo ìfọkàntán nìkan, ti Windows 7 ni ó borí. Paint ti XP kò lè dá yín padà ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àṣìṣe ti di ara àwòrán. Ti Windows 7 lè padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ 50. Ó tún ń fi àwòrán pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi PNG, irú fáìlì tó ń fún àwòrán pọ̀ láìbà á jẹ́, fúnra rẹ̀, nígbà tí ti XP ń fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi BMP, tí kì í fún fáìlì pọ̀ rárá: àwòrán tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 800, tó ga ní 600, tó sì ní gbogbo àwọ̀, yóò gba báìtì 1,440,000, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún odindi dísíìkì pelebe ayé àtijọ́.

Síbẹ̀, ti XP ni mo yàn láàyò, ìdí rẹ̀ sì ni etí ìlà. Nínú Paint ti XP, ìlà dúdú dúdú ni títí dé etí, kò sí eérú láàárín òun àti funfun tó yí i ká. Bí ẹ bá da àwọ̀ sínú agbo kan pẹ̀lú irinṣẹ́ garawa, àwọ̀ náà yóò kún dé etí ìlà láìṣẹ́ku. Ti Windows 7 máa ń mú etí àwọn àwòrán bí òbírípo àti igun mẹ́ta rọ̀, kí wọ́n lè dán lójú, tí ẹ bá sì da àwọ̀ sí i, òrùka funfun tíntín kan yóò kù sí eteetí. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò rò pé garawa náà ti bàjẹ́.

Paint ti XP tún ní àwọn ọgbọ́n kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Bí ẹ bá fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì fa írésà, kì í pa gbogbo ohun tó bá kàn rẹ́: àwọ̀ iwájú nìkan ni ó ń yí padà sí àwọ̀ ẹ̀yìn, nítorí náà ẹ lè sọ gbogbo pupa inú ilé kan di búlúù láìfọwọ́ kan ìlà dúdú rẹ̀. Bí ẹ bá sàmì yí apá kan ká, tí ẹ di Ctrl mú kí ẹ tó fà á, ẹ̀dà rẹ̀ ni yóò tẹ̀lé yín. Bí ó bá jẹ́ Shift ni ẹ dì mú, yóò máa tẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ibi tí máòsì bá gbà, bíi pé ẹyọ àwòrán náà ti di búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ti wo àdìrẹ Ìbàdàndún dáadáa, tó rí bí òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí ṣe ń tún ara wọn ṣe nínú ìgun mẹ́rin, yóò mọ ohun tí Ctrl yìí lè ṣe fún un. Ó kàn ní láti ya òpó kan, kí ó sọ funfun di ohun tí kò hàn, kí ó sì tò ó títí.

Concha García Zaera, ìyá àgbà kan ní ìlú Valencia ní Sípéènì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lórí Instagram ní 2018 nítorí àwọn òdòdó àti ilé etíkun tí ó ń fi Paint yà, ó sì ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé sùúrù ni Paint ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn ju ọwọ́ tó mọ nǹkan yà lọ, èyí sì jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún àwa tí ọwọ́ wa kò fi bẹ́ẹ̀ dúró.

Ní ti owó, ètò náà wà nínú Windows tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ tí ó ti darúgbó, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà, yóò sì gbé e láìmí gúlegúle. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn dúró fún XP láti 8 Oṣù Kẹrin 2014, àti fún Windows 7 láti 14 Oṣù Kìíní 2020. Ẹ má ṣe so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì tí ẹ bá fẹ́ mú jáde, ẹ fi fúláàṣì gbé e, kí ẹ sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó ní ààbò yẹ fúláàṣì náà wò kí ẹ tó ṣí i. Ẹni tó wà lórí Windows 11 kò gbọdọ̀ rò pé Paint ibẹ̀ ni a ń sọ. Ní 2017 ni Microsoft kéde pé òun yóò pa Paint tì, ariwo sọ, wọ́n sì dá a sí. Láti 2023 ni ó ti ní ìpele, tí ó sì ti ń sún mọ́ àwọn ètò ńlá díẹ̀díẹ̀.

JS Paint

Èyí kì í ṣe ètò àtijọ́ ní tòótọ́. Isaiah Odhner ni ó kọ ọ́ kí ó lè jọ Paint ìgbà Windows 95 àti 98 láti orí dé ẹsẹ̀, inú bùráwúsà ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ohun tí a ó fi sórí ẹ̀rọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac, Linux àti fóònù. Garawa rẹ̀ àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ yòókù ń ṣe gẹ́lẹ́ bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kò ní ìdíwọ́ ìgbésẹ̀ mẹ́ta yẹn: ẹ lè padà sẹ́yìn bí ó ṣe wù yín.

Ìdíwọ́ rẹ̀ ni pé àwòrán tí ẹ kò tíì fi pamọ́ sórí ẹ̀rọ yín, inú bùráwúsà ni ó wà. Bí ẹnìkan bá nu ohun tí bùráwúsà kó pamọ́ nù, bí a ti sábà máa ń ṣe nígbà tí ààyè fóònù bá kún, àwòrán náà lè bá a lọ. Lórí fóònù, ìka máa ń bo ibi tí ẹ ń yà mọ́lẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ píksẹ́lì ẹlẹ́yọ kò rọrùn níbẹ̀. Fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ àtijọ́, tí kò sì fẹ́ wàhálà, n kò mọ ohun tó tún dára jù ú lọ.

MacPaint

Ní 24 Oṣù Kìíní 1984 ni ilé iṣẹ́ Apple gbé kọ̀ǹpútà Macintosh jáde, MacPaint tí Bill Atkinson kọ sì bá a wá. Dúdú àti funfun nìkan ni ó ní. Eérú kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ eérú gbọ́dọ̀ fi àmì tóótòòtó dúdú tan ojú jẹ, tàbí kí ó mú ọ̀kan nínú àwọn bátànì tí wọ́n ti tò sí ìsàlẹ̀. Ojú ẹ̀rọ náà fẹ̀ ní píksẹ́lì 512, ó ga ní 342, nígbà tí pépà tí à ń yà sí fẹ̀ ní 576, ó sì ga ní 720, tó fi jẹ́ pé apá kan nìkan ni ẹ ó máa rí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹ lè padà sẹ́yìn.

Bí a bá kà á báyìí, ó dà bí ìjìyà, ṣùgbọ́n ètò yìí ni ó ń kọ́ ènìyàn ní ìdájọ́ jù. Níwọ̀n bí àwọ̀ kò ti sí láti sá sí, bí àwòrán kò bá dúró dáadáa nínú dúdú àti funfun, kò ní ibi tí yóò fi ara pamọ́ sí. Susan Kare, tó ya àwọn àmì kéékèèké ojú Macintosh àkọ́kọ́, fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn bí ohun díẹ̀ ṣe lè sọ púpọ̀. Ìwọ̀n pépà yẹn náà kì í ṣe àìmọ̀ọ́mọ̀: ní píksẹ́lì 72 sí íǹṣì kan, 576 sí 720 jẹ́ íǹṣì 8 sí 10 gẹ́lẹ́ lórí pépà. Ẹni tó ń tẹ aṣọ ẹlẹ́wù pẹ̀lú àwọ̀ kan ṣoṣo, tàbí tó fẹ́ gé bátànì tí yóò fi kun ẹ̀kọ sórí aṣọ àdìrẹ, yóò rí i pé àwòrán MacPaint ti ṣe tán fún un, nítorí pé ibi tí a ó gé àti ibi tí a ó fi sílẹ̀ ti yàtọ̀ síra.

Ìṣòro rẹ̀ wà nínú ìbéèrè kẹrin. Ẹ lè lò ó lónìí nínú bùráwúsà lórí Internet Archive, ìkànnì tó ń tọ́jú ìwé àti ètò àtijọ́, níbi tí kọ̀ǹpútà yín yóò ti ṣe bíi pé òun ni Macintosh àtijọ́, ṣùgbọ́n fáìlì tí ẹ bá fi pamọ́ síbẹ̀, inú ẹ̀rọ àfarawé yẹn ni ó wà, ó sì lè pòórá tí ẹ bá ti pa ojú ìwé náà dé. Yíya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà lápá lápá, kí a sì so wọ́n pọ̀ nínú ètò mìíràn, ni ọ̀nà tó rọrùn jù, ó sì máa ń sú ènìyàn. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó fi í ṣe iṣẹ́ tí oníbàárà ń dúró dè.

Deluxe Paint àti GrafX2

Deluxe Paint ni Dan Silva kọ fún ilé iṣẹ́ Electronic Arts ní 1985, fún kọ̀ǹpútà Amiga, òun sì ni àwọn tó ń ya àwòrán eré kọ̀ǹpútà lò jù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni àwo àwọ̀ rẹ̀. Nínú Paint, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló gbé àwọ̀ tirẹ̀ dání. Nínú Deluxe Paint, nọ́ńbà ni píksẹ́lì gbé dání, nọ́ńbà yẹn ni ó sì ń tọ́ka sí ihò kan nínú àwo àwọ̀. Lórí Amiga, ihò 32 ni ó sábà máa ń wà, ẹ sì lè fi èyíkéyìí nínú àwọ̀ 4,096 kún wọn. Bí ẹ bá yí ohun tó wà nínú ihò keje padà, gbogbo ibi tí keje wà nínú àwòrán yóò yí padà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí àwọ̀ inú àwọn ihò kan máa yí ipò po, omi yóò máa ṣàn, iná yóò máa jó, láìsí pé a tún nǹkan kan yà.

Ẹ fi èyí wo aṣọ òkè. Ya bátànì kan lẹ́ẹ̀kan, fi àwọ̀ ẹtù sí i, kí ẹ wò ó. Yí ihò méjì tàbí mẹ́ta padà, ó ti di àlàárì. Tún yí wọn padà, ó di sányán. Oníbàárà yóò rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ahunṣọ tó ta òwú kankan. Nínú Paint, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ó kùn wọ́n.

Ṣùgbọ́n Deluxe Paint gan-an ń fẹ́ Amiga, tàbí ètò tó ń ṣe bíi Amiga, èyí sì ń béèrè ROM, ìyẹn ẹ̀dà ètò tó wà nínú Amiga fúnra rẹ̀, tí a ní láti rà kí ó tó bá òfin mu. Fáìlì náà tún jẹ́ ọ̀ràn. Ní Oṣù Keje 1985, Andy Warhol, gbajúmọ̀ ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, fi Amiga ya Debbie Harry, olórin, níwájú èrò ní Lincoln Center ní New York, pẹ̀lú ètò mìíràn. Ó tún fi ẹ̀rọ náà ya àwọn àwòrán mìíràn, wọ́n sì wà lórí dísíìkì pelebe láìsí ẹni tó lè ṣí wọn, títí di 2014 tí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì Carnegie Mellon tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe làálàá láti mọ irú fáìlì tí wọ́n jẹ́. Tí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ Warhol, kí ni a ó sọ nípa tiwa tí kò sí ilé ọnà kankan tí yóò gbèjà rẹ̀?

GrafX2 ni ìdáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1996 lórí DOS, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kí Windows tó gbilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Deluxe Paint ní gbogbo ìwà. Lónìí, ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Àwọ̀ 256 ni ààlà rẹ̀. Ó ń ka fáìlì Deluxe Paint, ó sì ń fi iṣẹ́ pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi PNG àti GIF tí gbogbo fóònù mọ̀. Ó ní pépà kejì tí ẹ lè lọ síbẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì Tab, ó ní ìpele, kò sì tóbi, tó fi jẹ́ pé kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ agbára ẹ̀rọ. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ojú rẹ̀: kò jọ ètò Windows kankan, bọ́tìnnì ọ̀tún lórí irinṣẹ́ kan náà ń ṣe ohun mìíràn, ẹni tí kò bá sì tẹ F1 láti ka ìtọ́sọ́nà yóò bínú jáde.

Tux Paint

Bill Kendrick ni ó bẹ̀rẹ̀ èyí ní 2002 fún àwọn ọmọdé, bí Craig Hickman ti ṣe Kid Pix, ètò ìyàwòrán ọmọdé mìíràn, fún ọmọ tirẹ̀ ní 1989. Ọ̀fẹ́ ni, ó wà fún Windows, Mac, Linux àti Android, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á. Kì í béèrè orúkọ fáìlì lọ́wọ́ ọmọ. Yóò kàn fi àwòrán pamọ́, yóò sì fi gbogbo wọn hàn án nígbà tó bá fẹ́ ṣí wọn. Ó ń dún, ó sì ń dún púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè pa ohùn rẹ̀. Àgbà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó péye kò ní gbádùn rẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n pépà rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ lè máa yí bí ó ṣe wù yín.

Nígbà tí àwòrán bá fẹ́ jáde

Ètò yòówù tí ẹ bá mú, ẹ má fi àwòrán pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi JPEG bí iṣẹ́ kò bá tíì parí. JPEG máa ń fọ́n ìdọ̀tí kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, garawa kò sì ní lè kún ibẹ̀ mọ́. WhatsApp náà ń sọ àwòrán di JPEG nígbà tí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò; gẹ́gẹ́ bíi dókúmẹ́ńtì ni kí ẹ fi í ránṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ àwòrán kékeré sórí pépà ńlá, ẹ mú un tóbi ní ìlọ́po tó pé, ìlọ́po mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, láìjẹ́ kí ètò náà mú etí rẹ̀ rọ̀. Ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ yóò sọ píksẹ́lì kan di gbọọrọ, yóò sì sọ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di pẹlẹbẹ.

Ta ni kí ó mú èwo?

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ nílé, tó fẹ́ràn ìlà tó mú àti àwọ̀ tó dúró, kí ó lo Paint ti XP, kí ó sì máa fi ẹ̀dà pamọ́ léraléra. Bí ó bá mọ̀ pé ọwọ́ òun máa ń ṣì, kí ó lo ti Windows 7. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tuntun, tó ní dátà, JS Paint ni kí ó ṣí, kí ó sì rí i pé òun fi PNG sórí ẹ̀rọ kí ó tó dìde. Òbí tàbí olùkọ́ tó ní ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́wàá, kí ó má lọ jìnnà ju Tux Paint lọ. MacPaint tọ́ sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àwọ̀ kan, tí kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ẹni tó fẹ́ fi àwòrán píksẹ́lì jẹun, ìbáà jẹ́ fún eré kọ̀ǹpútà tàbí fún bátànì aṣọ, GrafX2 ni kí ó fara dà, nítorí pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni ó le. Deluxe Paint fúnra rẹ̀, ẹni tí Amiga tó ṣì ń tàn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni mo lè sọ pé kí ó lò ó, kí òun náà sì ní GrafX2 lórí ẹ̀rọ mìíràn tí yóò fi sọ àwọn fáìlì rẹ̀ di PNG.